Hẹ́ẹ̀dìfóònù tó ń pa ariwo: ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri kò rí bẹ́ẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn ní Èkó, pé bí ènìyàn bá gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù tó ń pa ariwo sétí tó sì ṣì ń gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, ayédèrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì dùn mí pé àwọn kan lè torí rẹ̀ kọ ojúlówó ọjà sílẹ̀.

Gbohùngbohùn kékeré (máíkì) ara hẹ́ẹ̀dìfóònù náà ló ń gbọ́ ariwo ìta, tí ẹ̀rọ yóò sì dá ìgbì ohùn tó dojú kọ ọ́ sílẹ̀ kí méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́. Ariwo tó ń dún lọ láìyí padà, tí ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, bíi ti jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfúrufú, ni agbára ẹ̀rọ náà ká jù lọ. Inú ọkọ̀ òfúrufú ni Amar Bose, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Bose tó ń ṣe ẹ̀rọ ohùn, wà ní ọdún 1978 nígbà tí èrò yìí sọ sí i lọ́kàn. Ohùn ènìyàn àti fèrè dánfó ń yí padà kíákíá, tìmùtìmù tó bo etí ló ń dènà púpọ̀ nínú wọn.

Mo dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ kan ní Ìkẹjà. Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnì ni ariwo rẹ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ọmọkùnrin tó ń pe oníbàárà ṣì ń wọlé, ó kàn dà bíi pé ó sún sẹ́yìn.

Pípa ariwo yàtọ̀ sí adùn ohùn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbọ́ orin tí ẹ mọ̀ dáadáa níbi tó parọ́rọ́, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ bóyá ìlù ń bo ohùn olórin mọ́lẹ̀.