"Ológbò jáde, ilé dilé èkúté": òwe ilé ni, kì í ṣe ti ibi iṣẹ́

Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn òwe yìí ju oúnjẹ ọ̀sán lọ. Bí wọ́n bá rìnrìn àjò tí iṣẹ́ sì dúró, wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, èmi ni mo gbé ibẹ̀ ró. Àwa òṣìṣẹ́ náà á sì máa kan sáárá sí wọn: ọ̀gá gidi nìyẹn, tí kò bá sí níbẹ̀, kò sóhun tó lè lọ.

Mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú rẹ̀ rí. Inú àpò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí ń gbé. Owó epo jẹnẹrétọ̀, òun ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ sìnkú nílùú wọn, iná lọ ní aago mẹ́wàá, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó pè wá ní ọ̀lẹ.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣàkóso iṣẹ́, Henri Fayol, ọmọ Faransé, rí irú èyí nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ẹnjiníà níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ní Commentry nílẹ̀ Faransé. Ní 1861, ẹṣin kan tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ fi ẹsẹ̀ kán. Fayol kọ̀wé kí wọ́n fún àwọn ní òmíràn. Olùtọ́jú ẹṣin kọ̀ jálẹ̀: ọ̀gá àgbà kò fọwọ́ sí ìwé yìí. Ọ̀gá àgbà kò sì sí nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ẹnikẹ́ni sípò ara rẹ̀. Ẹṣin wà ní ìso o, iṣẹ́ dúró.

Èkúté dà níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó jalè, kò sẹ́ni tó sùn. Ọ̀gá ni kò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kó tó jáde.

Ní 1888 Fayol fúnra rẹ̀ di ọ̀gá àgbà, nígbà tí ilé iṣẹ́ èédú náà ti fẹ́ kógbá sílé, ó sì gbé e dìde. Ní 1916 ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan márùn-ún ni ìṣàkóso: ká wo iwájú ká sì múra dè é, ká to ènìyàn àti ohun èlò sáàyè wọn, ká pàṣẹ, ká jẹ́ kí ọwọ́ gbogbo wọn wọ ara, ká sì máa yẹ iṣẹ́ wò bóyá ohun tí a ní a máa ṣe náà là ń ṣe. Àṣẹ pípa, ọ̀kan péré nínú márùn-ún. Ó tún ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti olórí nìkan, ó pín kárí gbogbo ilé iṣẹ́. (Èdè tiwa náà wà lára ohun tó ń mú wa rò pé ti olórí nìkan ni. A ní "ìṣàkóso", ọkàn sáré lọ sáàfin.)

Èyí tó kẹ́yìn nínú márùn-ún náà, yíyẹ iṣẹ́ wò, là ń ṣì gbọ́ jù. Wọ́n ní "kọ́ńtúróòlù" lédè Gẹ̀ẹ́sì, a rò pé ká di èèyàn lọ́rùn mú ni. Lédè Faransé tí Fayol fi kọ ọ́, yíyẹ̀wò ni. Ẹ lọ wo alásè tó mọṣẹ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ó ti fi iye àlejò ṣírò ìrẹsì àti igi ìdáná ṣáájú ọjọ́. Ìyá kan wà nídìí ìrẹsì, òmíràn wà nídìí ọbẹ̀, kò sì sí èyí tó ń sáré wá bèèrè bóyá kí òun fi iyọ̀ sí i. Ó ka ẹran kí wọ́n tó dín in. Wọ́n dín in tán, ó tún kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìnáwó rí, ẹ mọ ìdí. Kò pariwo. Bí ata bá dín, ó lè bọ́ sọ́kọ̀ lọ ra sí i lọ́jà, kí ìkòkò kankan má jóná lẹ́yìn rẹ̀.

Nǹkan márùn-ún yìí kì í sì í tò tẹ̀lé ara wọn bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Henry Mintzberg, onímọ̀ ìṣàkóso ará Kánádà, tẹ̀lé ọ̀gá àgbà márùn-ún kiri, ó sì gbé ohun tó rí jáde ní 1973: ìdajì ohun tí wọ́n ń dáwọ́ lé kì í gbà ju ìṣẹ́jú 9 lọ kí nǹkan mìíràn tó dé. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ báyìí, ṣé òun náà ni yóò tún máa fọwọ́ sí ìwé epo?

Mo gbọ́ pé ọ̀gá wa ìjọ́sí ṣì ń gbé kọ́kọ́rọ́ kiri. Wọ́n ní ó ti so ó mọ́ bẹ́líìtì báyìí.