Kámẹ́rà tí Màámi náà lè tẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ sí Àgbádárìgì

Àsìkò ọlidé ti ń wọlé bọ̀, ìbéèrè kan náà ló sì ń kún orí fóònù mi: "Àǹtí, kámẹ́rà wo ni ká rà ká tó kó àwọn ọmọ lọ sí Àgbádárìgì?" Àwọn tó ń bèèrè mọ̀ pé mo fẹ́ràn fọ́tò, wọ́n wá ń retí pé màá dárúkọ ẹ̀rọ ńlá kan bí irú èyí tí àwọn ayàwòrán òde ìnáwó ń gbé kọ́rùn. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Tèmi ni pé kámẹ́rà tó dáa jù fún ìrìn àjò ẹbí ni èyí tí gbogbo ilé lè lò, látorí ọmọ ọdún méje dórí ìyá àgbà. Tó bá ti jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tẹ̀, ẹni yẹn ò lọ ọlidé, iṣẹ́ ló lọ ṣe.

Ẹ ṣí álíbọ́ọ̀mù ilé yín wò. Nínú tiwa ní Ìkòròdú, ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí bàbá wa. Àwa ọmọ wà níbẹ̀, Màámi wà níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè, àwọn àbúrò bàbá wà, kódà ajá ará ilé kejì wà. Bàbá ni ò sí, torí òun ló ni kámẹ́rà Yashica, òun nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń ki fíìmù sí i. Fíìmù kan, fọ́tò 36 ló ń gbà, ta ló fẹ́ kí ọmọdé fi èyíkéyìí ṣòfò nínú rẹ̀? Fọ́tò kan wà tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji rẹ̀ wá nà sórí ilẹ̀ níwájú wa, tòun ti fìlà àti ìgúnpá méjèèjì tó ká sókè. A máa ń fi hàn àwọn ọmọ-ọmọ pé bàbá yín rè é.

Ẹ má sì rò pé èmi ni mo dá èyí sílẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1900 ni Kodak gbé kámẹ́rà kan tó ń jẹ́ Brownie jáde, dọ́là kan péré, àpótí páálí tó ní lẹ́ǹsì kékeré níwájú, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì ń polówó rẹ̀ fún. Ó tà wàrà-wàrà, nítorí kò sẹ́ni tí kò lè tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń polówó kámẹ́rà fún wa báyìí kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ ta lẹ́ǹsì kejì fún yín, wọ́n á ta ẹ̀kẹta, wọ́n á wá ta àpò tẹ́ ẹ máa kó gbogbo rẹ̀ sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ibi tá à ń lọ gan-an. Láti Ìkòròdú, kẹ́ ẹ tó jáde ní Mile 12, kẹ́ ẹ tó dé Mile 2, kẹ́ ẹ tó la Òkókómáíkò já, ara ti ń ro àwọn ọmọ. Ẹ dé Àgbádárìgì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina, ẹ sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, ẹ sì tún máa fi ẹsẹ̀ rin orí yanrìn títí dé etí òkun, ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ ojú òkun. Lójú ọ̀nà yẹn lẹ máa rí bàbá ọlọ́mọ tó gbé àpò kámẹ́rà pọ̀n, tí ẹsẹ̀ ń rì, tí òógùn ń bọ́, tí ìyàwó rẹ̀ ń ní kó gba ọmọ lọ́wọ́ òun, tí kò sì ní ọwọ́ tó máa fi gbà á. Tó bá tún wá fẹ́ pààrọ̀ lẹ́ǹsì létí òkun, ó kú iṣẹ́. Atẹ́gùn ibẹ̀ ń gbé iyọ̀ àti yanrìn tíntìntín kiri, orí sensor, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ni wọ́n máa lọ bà sí, gbogbo fọ́tò tó bá sì yà lẹ́yìn ìyẹn á máa ní àmì dúdú lójú sánmọ̀ títí wọ́n á fi bá a nù ún.

Ṣé fóònù ti tó, nígbà náà? Fún ọ̀pọ̀ ilé, ó tó. Ẹ wọ inú ilé Seriki Williams Abass, níbi tí wọ́n ti ń há àwọn ẹrú mọ́ yàrá kótópó tí ìmọ́lẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀. Fóònù tó bá ní night mode máa ń ya àwòrán púpọ̀ léra lọ́wọ́ kan, á wá pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ ṣáà ti di ọwọ́ mú kó má gbọ̀n. Kámẹ́rà kékeré tí kì í ṣe ti olówó gọbọi ò lè bá a dù ú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) kọ́ parí lọ́dún 1845: lẹ́ǹsì fífẹ̀ orí fóònù, èyí tí wọ́n kọ 0.5 sí, á gba gbogbo ilé náà láìjẹ́ pé ẹ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to àwọn ọmọ sí ẹnu ọ̀nà ilé yẹn kẹ́ ẹ wá lọ dúró sọ́ọ̀ọ́kán láti yà wọ́n. Wọ́n á kéré débi pé ẹ ò ní mọ èwo ni Táíwò, èwo ni Kẹ́hìndé. Ẹ fa àwọn ọmọ wá sítòsí yín, ẹ jẹ́ kí ilé wà lẹ́yìn wọn.)

Ibi tí fóònù ti ń jáni kulẹ̀ ni nǹkan tó bá jìnnà. Ọkọ̀ apẹja láàárín ọ̀sà, tàbí Sàngbétò, eégún àwọn Ègùn, tó ń yí bírí-bírí, tí èèyàn ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn jù. Tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì fẹ ojú fóònù, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, kò fa nǹkan kan súnmọ́ yín, àwòrán kan náà ló gé tó sì fẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń rí wúruwùru. Àwọn fóònù olówó ńlá ní lẹ́ǹsì tó lè fà á ní ìlọ́po 3 tàbí 5. Kámẹ́rà kékeré bíi Canon PowerShot SX740 HS ń fi lẹ́ǹsì gan-an fà á ní ìlọ́po 40, ó sì wọ àpò ṣòkòtò. Irú ẹ̀ ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n fún ọmọ tó bá dàgbà jù nínú àwọn ọmọ, kó gbé e kọ́ ọwọ́. Bátìrì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti fóònù yín, ìyẹn nìkan ti tó ìdí láti mú un dání, torí fóònù yẹn náà lẹ máa fi pe ọlọ́kọ̀, òun lẹ máa fi ṣe tiransifáà, òun lẹ máa fi wá ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ a ò tíì mọ̀ bóyá iná máa wà níbi tẹ́ ẹ máa sùn.

Ti Sàngbétò yẹn, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Ojúbọ náà, ẹ bèèrè. Onílé ló nilé.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yìí ni àwọ̀ ara wa, òun gan-an ló sì yẹ kẹ́ ẹ fi yan èyí tẹ́ ẹ máa rà. Láyé fíìmù, káàdì tó ní fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ni Kodak máa ń fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń fọ fọ́tò, kí wọ́n máa fi díwọ̀n àwọ̀. Shirley ni wọ́n ń pè é. Adúláwọ̀ tó bá wà nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, eyín àti ẹyinjú nìkan lẹ máa rí. Nǹkan ti yí padà díẹ̀: lọ́dún 2021, Google gbé fóònù Pixel 6 jáde pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní Real Tone, torí kí àwọ̀ dúdú lè jáde bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìṣòro kejì ṣì wà, oòrùn ni. Ìmọ́lẹ̀ ni kámẹ́rà ń kà, ó sì fẹ́ kí gbogbo àwòrán wà láàárín funfun àti dúdú. Lọ́sàn-án gangan létí òkun, sánmọ̀ funfun, yanrìn funfun, omi ń kọ mànà. Kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ọmọ yín tó dúró síwájú gbogbo ìyẹn á wá ṣókùnkùn.

Bẹ́ ẹ bá ń fi fóònù yà, ẹ fi ìka tẹ ojú ọmọ náà lórí rẹ̀, ẹ wá fà á sókè díẹ̀ kó mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ + àti − sí, ẹ gbé e sí +1. Sánmọ̀ á funfun jù, kò burú, ta ló bá sánmọ̀ wá? Tàbí kẹ́ ẹ tan fláàṣì lọ́sàn-án. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ ṣáà ti dúró sítòsí, kó má ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kún òkùnkùn abẹ́ fìlà àti abẹ́ gèlè. Ìdí àgbọn náà dára, àgbọn ò sì wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó bá lè jí kí oòrùn tó mú, tàbí kó dúró di ìrọ̀lẹ́, kò nílò èyíkéyìí nínú gbogbo àlàyé yìí.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kámẹ́rà tàbí fóònù, ẹ má jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù kó máa ka megapixel fún yín, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Èyí tó bá ní 12 ti tó láti tẹ fọ́tò tó fẹ̀ ní íńṣì 13 sí 10 tí á sì mọ́ kedere. Ẹ jáde síta. Ẹ mú ẹni tó dúdú àti ẹni tó pupa, kí wọ́n dúró pọ̀ lójú oòrùn, kí sánmọ̀ wà lẹ́yìn wọn, ẹ yà wọ́n. Èyí tí kálukú wọn bá ti rí bó ṣe rí gan-an nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ sanwó fún. Ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń bó ojú èèyàn, torí àwọn fóònù kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe kó wọn dé náà ni wọ́n ti ń kun àwọn ọmọ wa látíkè. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ beauty sí, ẹ pa á.

Àwọn tí ọmọ wọn ò lè rí omi kó má kó sí i, ẹ gbọ́ tiyín. IP68 tí wọ́n kọ sára fóònù, ìyẹn àmì pé omi àti eruku ò tètè wọ̀ ọ́, kì í ṣe ìwé àṣẹ láti wọ òkun. Inú omi tó mọ́, tí kò níyọ̀, ni wọ́n ti dán an wò, tí omi bá sì bà á jẹ́, gáráńtì ilé-iṣẹ́ kì í sábà bá yín dá sí i. Bí ó bá jẹ́ dandan, kámẹ́rà tí wọ́n ṣe fún omi wà, bíi Olympus TG-6, tó lè lọ sí ìsàlẹ̀ omi dé mítà 15, tó bá sì jábọ́ lọ́wọ́ ọmọ, kò tètè fọ́. Ẹ ṣáà fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án lẹ́yìn náà.

Owó ńkọ́? Tòkunbọ̀ ò burú. Ní Computer Village tàbí Alaba, tó tiẹ̀ wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì náà, ẹ lè rí èyí tó dáa rà, àmọ́ ẹ má kánjú. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ tàn án sínú lẹ́ǹsì, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí okùn funfun tín-ín-rín tó ń ta ẹ̀ka, lẹ́ǹsì yẹn ti bu. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ǹsì máa ń bu bíi búrẹ́dì, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ní ọ̀rinrin bíi tiwa. Ẹ fa zoom náà jáde, ẹ dá a padà, ẹ fetí sílẹ̀: bí ó bá ń ké kíríkírí, yanrìn ti wọ̀ ọ́. Ẹ ṣí ilé bátìrì, ẹ wò ó bóyá ó ti dípẹtà. Kẹ́ ẹ sì bèèrè ṣáájà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gbà pé wọ́n á fi ránṣẹ́ sí yín lọ́la.

Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ da fọ́tò kọ sórí nǹkan mìíràn, kó má jẹ́ orí mẹ́mọ́rì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ má sì torí pé ẹ ti fi sórí WhatsApp ẹbí kẹ́ ẹ wá pa èyí tó wà lórí fóònù rẹ́, torí WhatsApp máa ń rún fọ́tò kéré kó lè tètè lọ. Ó dára fún ojú fóònù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣe férémù ńlá fún ìyá àgbà, á rí bàìbàì. Bíi document ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Èmi náà ń wá TG-6 tòkunbọ̀ kí ọlidé tó dé o. Ẹni tó bá ní, kó bọ́ sí inbox. Tọ́ọ̀ṣì mi wà lọ́wọ́.