Ta ló ní ìyá tí kò kàwé ò lè yẹ ìwé ọmọ rẹ̀ wò?

“Tíṣà, èmi ò kàwé o. Bí ẹ bá ṣe rí i ni kẹ́ ẹ ṣe é.” Tí mo bá ní kí n ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, ilẹ̀ á ṣú. Ìyá tó ń sọ ọ́ á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, báàgì lórí itan, bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè níta. Àwọn míì kì í tilẹ̀ yọjú. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ni wọ́n á rán wá, torí pé “òun ló gbọ́ Òyìnbó.”

Ohun tí gbogbo ayé gbà ni pé òbí tó bá kàwé nìkan ló lè dá sí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọmọ. Ti ẹni tí kò kàwé ò ju kó sanwó, kó ra yúnífọ́ọ̀mù, kó fi àdúrà tì í. Àwa olùkọ́ gan-an gbà bẹ́ẹ̀, ó sì hàn nínú ìṣe wa: aago mẹ́wàá àárọ̀ la máa ń fi ìpàdé sí, nígbà tí ọjà ń kún lọ́wọ́, a ó wá máa sọ Òyìnbó lójú agbo bí ẹni ń ka ìròyìn. Ta ni yóò dá sí i?

Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ọ̀mọ̀wé ì bá ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní, ọdún 1955, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ aláró, ọmọ ẹlẹ́ran ló rọ́ dé kíláàsì. Púpọ̀ nínú àwọn tó bí wọn ò mọ A yàtọ̀ sí ọ̀pá. Inú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn náà la ti rí dókítà, lọ́yà àti ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀kan ṣojú mi. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wá gba káàdì èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kẹrin. Ipò ni gbogbo òbí máa ń kọ́kọ́ wò. 31 ni ọmọ náà ṣe. Ìyá mi orí, ó ní kí Olúwa là á lọ́pọlọ. Mo ní kó dúró ná. Ìlà méjì kan wà lórí káàdì tí ojú òbí kì í dé: iye ìgbà tí ilé-ìwé ṣí, àti iye ìgbà tí ọmọ wá. Àárọ̀ jẹ́ ìgbà kan, ọ̀sán jẹ́ ìgbà kan. Mo fi ìka tọ́ka sí i: 122, 87.

Ó wò ó. Kò béèrè bírò, kò fa fóònù yọ. “Márùndínlógójì ni kò pé.” Ẹni tó ti ń ṣírò kọ́ńgò àti ṣéńjì fún ogún ọdún, kí ni ìyẹn? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ka ìka. “Tíṣà, ọjọ́ ọjà ni.” Ọrọọrún ni ọjà rẹ̀, ọmọ yìí ló sì máa ń bá a ru èlùbọ́ lọ. Bí ọjọ́ méjì péré ni kì í ṣe ti ọjà. Ibà ló ń ṣe ọmọ nígbà yẹn.

Mi ò mọ̀. Odindi sáà kan ni mo fi ń pe ọmọ yẹn ní olódo nínú ọkàn mi.

Òfin UBE ti ọdún 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó sọ ilé-ìwé di dandan fún ọmọ, ò béèrè bóyá òbí gbọ́ Òyìnbó. Ohun tó gbé lé e lọ́rùn ni pé kí ọmọ máa lọ sílé-ìwé títí yóò fi parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Ìlà méjì yẹn náà ni.

Ìwé tí ọmọ ń kọ nǹkan sí ńkọ́? Òǹkà ni déètì. Bí òní bá jẹ́ ogúnjọ́ oṣù, tí èyí tó kẹ́yìn nínú ìwé sì jẹ́ ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Bírò pupa tíṣà dà? Bí kò bá sí níbẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ wá bá, kì í ṣe ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó kọ fún yín ní Yorùbá. Ọmọ tó kàn há nǹkan sórí á kà á wàrà-wàrà. Ẹ bá ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá, á máa họ orí. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ ìdáhùn kẹ́ ẹ tó dá ẹni tó ń họ orí mọ̀.

Ẹnìkan á ní Yorùbá á ba Òyìnbó ọmọ jẹ́. Wọ́n ti dán ìyẹn náà wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan fún odindi ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Òyìnbó wá dá dúró bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí sí Òyìnbó láti ọdún kẹrin, wọn ò gbẹ́yìn, kódà nínú Òyìnbó pàápàá. (Olùkọ́ tó mọ Òyìnbó dunjú ló ń kọ́ wọn ní Òyìnbó, wọ́n sì kọ ìwé tuntun fún wọn. Yorùbá ò pidán.)

Òbí tó kàwé ní àǹfààní, mi ò ní parọ́. Àmọ́ mo ti máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá tó jẹ́ pé ọwọ́ ìkọ̀wé Dádì ló wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbà, ọmọ ò sì lè ṣe ẹyọ kan lójú pátákó.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wá aláàárù fún ọjọ́ ọjà. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ìgbà 118 ni ilé-ìwé ṣí, ọmọ wá ní 112. Kò gba ipò kìn-ín-ní o. 24 ló ṣe. Ìyá wo ìlà méjì yẹn kó tó wo ipò, ó wá kọjú sí mi: “Tíṣà, kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí sáà bá parí lẹ tó ń sọ fún wa?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ́jísítà mi báyìí, òun àti ti àwọn òbí mọ́kànlá míì. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń pè wọ́n.