/dev/sdb1 kì í ṣe orúkọ díìsìkì rẹ

Bí o bá ti ń lo Linux fún ìgbà díẹ̀, ẹnìkan á ti sọ fún ọ rí pé: "Ṣí /etc/fstab, kọ /dev/sdb1 síbẹ̀, ó ti parí nìyẹn." fstab ni fáìlì tí Linux ń kà bó bá ń tàn, láti mọ díìsìkì tó máa ṣí àti ibi tó máa ṣí i sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé orúkọ ìpín díìsìkì náà ni sdb1. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Nọ́ńbà orí ìlà ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, bí kernel (ọkàn Linux) bá ṣe ń rí àwọn díìsìkì ló ń fún wọn ní lẹ́tà: èyí tó kọ́kọ́ yọjú di sda, èyí tó tẹ̀ lé e di sdb. Ó dà bí nọ́ńbà tí wọ́n ń fúnni ní báǹkì. O lè gba 2 lónìí, kí o gba 3 lọ́la, ìwọ kan náà ni. Fi fláàṣì sí i kí o tó tàn án, díìsìkì tó ń jẹ́ sdb lánàá lè di sdc.

Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni UUID. Ọjọ́ tí a bá fọ́ọ́mátì ìpín náà la ń sọ ọ́ lórúkọ, ara rẹ̀ ni a sì kọ ọ́ sí, nítorí náà bí o pààrọ̀ wáyà tàbí ojú ihò, orúkọ náà á bá a lọ. Tẹ lsblk -f, wàá rí i. Ohun tí mo máa ń kọ nìyí:

UUID=(ti ìpín rẹ) /mnt/orin ext4 defaults,nofail 0 2

Bí o bá tún un fọ́ọ́mátì, orúkọ tuntun ló máa gbà. Bí o bá sì fi dd (àṣẹ tó ń da díìsìkì kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́) da gbogbo rẹ̀ kọ sórí òmíràn, o ti ní ìbejì tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ Táíwò. Má so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà kan pọ̀.

Ìgbàgbọ́ kejì ló ká èmi gan-an mọ́. Mo rò pé bí díìsìkì kò bá sí níbẹ̀, Linux á kàn fò ó ni. Mo gbàgbé díìsìkì mi sílé lọ́jọ́ kan, mo tan kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, ó dúró pa. systemd, ètò tó ń darí bí Linux ṣe ń tàn, ń retí àlejò tí kò ní í dé. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń dúró bí a kò bá sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló jù mí sí emergency mode (ipò pàjáwìrì), lẹ́tà funfun lórí ojú dúdú. Díẹ̀ ló kù kí n tún fi Linux sí i láti ìbẹ̀rẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ohun tó gbà kò ju kí n tẹ páásíwọ́ọ̀dù root (ọ̀gá kọ̀ǹpútà), kí n tẹ mount -o remount,rw / kí n lè kọ nǹkan sí fáìlì, kí n fi # síwájú ìlà náà nínú fstab kí Linux má baà kà á, kí n sì tún un tàn.

Iṣẹ́ nofail nìyẹn: bí díìsìkì kò bá wá, máa lọ. Má fi í sí ìlà / (ìpín tí Linux fúnra rẹ̀ wà) o, ìyẹn gbọ́dọ̀ wà.

Kí o tó pa kọ̀ǹpútà lẹ́yìn àtúnṣe, tẹ sudo findmnt --verify, kí o sì tẹ sudo mount -a tẹ̀ lé e. Bí o bá ṣi nǹkan kọ, ibẹ̀ ni wàá ti rí i, nígbà tí o ṣì lè ṣí fáìlì náà wẹ́rẹ́. Ní ti 2 tó gbẹ̀yìn ìlà yẹn, ipò rẹ̀ nínú àyẹ̀wò fsck (èyí tó ń wá àṣìṣe nínú díìsìkì) ni: / ló ń gba 1, àwọn ìyókù 2. Bí ìpín náà bá jẹ́ NTFS (fọ́ọ́mátì ti Windows), 0 ni kí o fi síbẹ̀.