Fortran kọ́ ló jẹ̀bi

Bí ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bá dé ibi iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ò tètè yá, ẹjọ́ tí wọ́n máa ń dá ni pé: "Fortran àti QBasic ni wọ́n ṣì ń kọ́ wọn. Ká ní Python ni, iṣẹ́ ì bá ti mọ́ wọn lára." Èdè tí a fi ń kọ àṣẹ (kóòdù) fún kọ̀ǹpútà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì àkọ́kọ́ ló ti pẹ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹjọ́ yẹn. Ẹni tí lúùpù (àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tún ṣe léraléra) àti fọ́ńṣọ̀n (àkójọ àṣẹ tí a fún lórúkọ) bá yé dáadáa nínú Fortran, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa fi bá Python mọwọ́. Ní MIT pàápàá, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi Python kọ́ni tipẹ́, wọ́n ṣì dá kíláàsì kan sílẹ̀ ní January 2020, wọ́n pè é ní Missing Semester: Git (ohun tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà kóòdù), shell (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), bí wọ́n ṣe ń tọpa àṣìṣe inú kóòdù. Bó bá jẹ́ èdè ló ń dá wọn dúró, kí ni kíláàsì yẹn wà fún?

Bí iṣẹ́ ṣe rí gan-an ló yàtọ̀. Ní ilé-ìwé, ìwọ nìkan lo máa bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní, wàá kọ ìlà bí 100, olùkọ́ á máàkì í, ó parí nìyẹn. Nínú ìdánwò, orí tákàdá ni wọ́n ń kọ kóòdù sí, kọ̀ǹpútà ò sì ní fojú kàn án láéláé. Níbi iṣẹ́, kóòdù ẹlòmíràn lo máa bá, ẹni tó kọ ọ́ sì lè ti lọ. Àtúnṣe ìlà mẹ́ta lè gba ọjọ́ méjì, torí wíwá ibi tí ìlà mẹ́ta ọ̀hún wà ni iṣẹ́.

Ẹ wo àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀. Ẹni tí kò lo Git rí á kọ kọ́kọ́rọ́ API (ọ̀rọ̀ àṣírí tí kóòdù fi ń lo iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) sínú fáìlì, á commit (á fi í pamọ́ sínú Git), á push (á gbé e lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì). Nígbà tó bá rí i, á pa ìlà náà rẹ́, á tún commit, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Kò tíì tán o: Git ń pa ẹ̀dà àtijọ́ mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá rí repo náà (ibi tí Git kó iṣẹ́ náà sí) ṣì lè kà á. Kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ fagi lé níbi tí ẹ ti gbà á, kí ẹ gba tuntun, kí ẹ sì fi í sínú .env (fáìlì àṣírí) tí ẹ ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú .gitignore (àkọsílẹ̀ àwọn fáìlì tí Git ò ní kó mọ́ra).

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ pé ilé-ìwé ò wúlò. Ká ní ₦10,000 wà nínú àkáǹtì, tí ìbéèrè méjì, ₦8,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì ka ₦10,000, àwọn méjèèjì rí i pé owó tó, ₦16,000 jáde, ₦2,000 ṣì hàn pé ó kù. Transaction (àkójọ ìgbésẹ̀ tó gbọ́dọ̀ parí pọ̀ tàbí kó má ṣẹlẹ̀ rárá) tó ti ìlà àkáǹtì náà pa títí iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi parí ló ń dènà èyí, kíláàsì database (ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí) ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Ilé-ìwé náà ni wọ́n ti ń kọ́ ìdí tí wíwá orúkọ kan láàárín 1,000,000 tí a ti tò lẹ́sẹẹsẹ kì í fi í ju nǹkan bí 20 ìgbésẹ̀ lọ. Àwọn tó kàn fi oṣù mẹ́ta kọ́ React (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ojú ìkànnì) kì í sábà débẹ̀.

Oṣù mẹ́fà IT (SIWES), tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, ló yẹ kó dí àlàfo yìí. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í ṣe fọ́tòkọ́pì. Kí ẹ tó gba ibì kan, ẹ bi wọ́n: ta ló máa ka kóòdù mi kó tó wọlé? Bí wọn ò bá rí ẹni tọ́ka sí, ẹ wá ibòmíràn.

Iṣẹ́ àṣekágbá náà wúlò, bí ẹ bá fi í sínú Git láti ọjọ́ kìíní. Tí ẹ bá parí, ẹ gbé e fún ọmọ kíláàsì yín kan, kó fi ohun tuntun kan kún un láì bi yín léèrè rárá. Gbogbo ibi tó bá ti há ni kí ẹ kọ sínú README (fáìlì àlàyé iṣẹ́ náà).