Ikọ́ kò lè jí ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan tún ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp àwa ará Ìkòròdú: pé bí ọkàn bá fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó dá wà, kó máa húkọ́ léraléra, ara á yá. Irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́.

Òótọ́ ni pé àwọn dókítà máa ń ní kí aláìsàn húkọ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọsibítù ni, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Lójú títì Sábó, ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró á dákú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò lè húkọ́. Ọwọ́ ẹni tó wà nítòsí ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Bí kò bá dáhùn, tí kò mí, tàbí tó kàn ń mí gúlegúle, kí ẹnì kan pe 767 tàbí 112. Kí ẹlòmíràn gbé ọwọ́ kan lé èkejì láàárín àyà rẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Egungun ìhà lè kán. Egungun á jinná. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí a kò tẹ àyà náà ń dín ìrètí kù ní nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tó rì sómi ní èbúté Ìpakòdò nílò kí a fẹ́ èémí sí i lẹ́nu pẹ̀lú.

Tí àyà bá ń dun yín, tí ẹ ṣì mọ ara yín, ẹ pe ènìyàn, ẹ lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀.