Máàkì orí fóònù kò tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Níbi ìpàdé kan ní Àjàṣẹ́ níbí, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún tún là á mọ́lẹ̀ pé kí àwa tí à ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sọ́nà nínú wọ́ọ̀dù má yọra wa lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní ìbéèrè ti wà lórí fóònù, bí ọmọ bá dáhùn tán, máàkì rẹ̀ á jáde lójú ẹsẹ̀, ó parí. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ ní Kétu, mo gbọ́ ọ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Máàkì á sọ fún ọmọ pé ó gba 14 nínú 20. Kò ní sọ ohun tó ṣì ṣe, kò sì ní sọ ohun tó yẹ kó ṣe lọ́la.

Lọ́dún 1996, àwọn olùṣèwádìí méjì, Kluger àti DeNisi, kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí èsì jọ, ìyẹn ohun tí wọ́n bá sọ fún èèyàn nípa bó ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀, yálà máàkì tàbí àlàyé, wọ́n sì yọ àbájáde 607 nínú wọn. Lápapọ̀, èsì ń ranni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ńṣe ni iṣẹ́ ẹni tí wọ́n fún lésì burú sí i. Ó burú sí i! Àlàyé wọn ni pé bí èsì bá ti gbé ọkàn èèyàn kúrò lórí iṣẹ́, tó wá ń ro irú ẹni tí òun jẹ́, èsì náà kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Kí tún ni máàkì tí wọ́n fi ń to akẹ́kọ̀ọ́ sípò kìíní, sípò ìkẹyìn, ń ṣe bí kò ṣe ìyẹn?

Ní Ísírẹ́lì, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Ruth Butler dán an wò lára àwọn ọmọ iléèwé, ó sì gbé e jáde ní 1988. Ó fún àwọn kan ní máàkì nìkan, ó fún àwọn kan ní àlàyé nìkan, ó fún àwọn yòókù ní méjèèjì. Àwọn tó gba àlàyé nìkan ló tẹ̀síwájú. Àlàyé tó bá máàkì rìn kò ṣiṣẹ́ kankan. Ọmọ iléèwé kékeré ni wọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kò yàtọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan gba máàkì tó ga lórí ìbéèrè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan, ó so ẹ̀rọ mọ́ orí bùbá, apá ìyá náà sì ń rọ̀ nísàlẹ̀. Apá tó bá rẹlẹ̀ ju ọkàn lọ máa ń jẹ́ kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le lóògùn. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: “Bọ́ apá wọn kúrò nínú bùbá. Gbé e lé tábìlì kó ṣe déédé ọkàn. Jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, má sì bá wọn sọ̀rọ̀ tó o bá ń wọ̀n ọ́n.” Ó ṣe é dáadáa fún aláìsàn tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rọ kọ́ ni mo ń bá jà. Ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró ń ṣe dáadáa, nítorí ó ń sọ fún ọmọ níbẹ̀-níbẹ̀ bóyá títẹ̀ rẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, bóyá ó ń tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí sọ ohun tó kù.

Wọ́n á ní akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, olùkọ́ ò tó. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ yẹn kò gùn ju ìkíni àárọ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ètò tuntun fún iléèwé, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á: níbo ni olùkọ́ á ti sọ ohun tó fojú rí?